Ìrora Tó Ń Yá Ojú Lò: Bí A Ṣe Ń Dá Òpó Ẹ̀jẹ̀ Tó Bẹ́ Nínú Ikùn Mọ̀

Ní oṣù kẹrin ọdún 1955, ní ìlú Princeton ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, inú rírun mú àgbàlagbà ọmọ ọdún 76 kan. Albert Einstein ni, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí gbogbo ayé mọ orúkọ rẹ̀. Ibi tí ìrora náà ti mú un jọ ibi tí àpò òróòro wà, àpò òróòro yìí sì ni wọ́n kọ́kọ́ fura sí. Ó kú lóru mọ́jú ọjọ́ 18 oṣù náà. Nígbà tí wọ́n la òkú rẹ̀ wò, kò sí ohun tó ṣe àpò òróòro. Òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó gba inú ikùn rẹ̀ kọjá ló ti wú tipẹ́, òun ló bẹ́.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé òpó náà wú. Ní ọdún 1948, oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ Rudolph Nissen ti la inú rẹ̀ ní Brooklyn, ó sì rí wíwú náà. Nígbà yẹn, kò tíì sí ẹni tó mọ bí a ṣe ń gé irú rẹ̀ kúrò kí a sì fi òmíràn rọ́pò, nítorí náà ó fi ọ̀rá pẹlẹbẹ wé e yíká kí ògiri rẹ̀ lè le díẹ̀. Ọdún mẹ́fà àti oṣù mélòó kan ni ọ̀rá náà fi bá a dúró. Lónìí, bí òpó ẹ̀jẹ̀ tó bẹ́ bá múra bí àrùn àpò òróòro, àwọn dókítà ń pè é ní àmì Einstein.

Àìsàn yìí kò wọ́pọ̀ bí ibà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣùgbọ́n tí ó bá dé, kì í fún ènìyàn láàyè ọjọ́ méjì mẹ́ta. Nínú ènìyàn 100 tí òpó náà bá bẹ́ nínú wọn, nǹkan bí 80 ló ń bá a lọ, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í dé ilé ìwòsàn rárá. Àwọn tó dé ibẹ̀ láàyè ni mo torí wọn kọ àròkọ yìí. Wọ́n ṣì lè yè bí ẹni tó kọ́kọ́ fojú kàn wọ́n bá mọ ohun tó ń wò. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àìsàn yìí kò ní ojú tirẹ̀. Ojú àìsàn mìíràn ló máa ń yá lò. Ẹni tí kò bá rò ó, kò ní rí i.

Òpó náà àti bí ó ṣe ń wú

Láti inú ọkàn ni iṣan àlọ tó tóbi jù lọ nínú ara ti ń jáde. Aorta ni àwọn dókítà ń pè é. Ó kọ́kọ́ gòkè díẹ̀, ó tẹ̀ bí ọwọ́ agboòrùn, ó wá sọ̀kalẹ̀ gbọọrọ níwájú eegun ẹ̀yìn títí ó fi wọ inú ikùn. Níbẹ̀ ló ti ń pín ẹ̀jẹ̀ fún ẹ̀dọ̀, ìfun àti kíndìnrín, kí ó tó là sí méjì ní déédéé ìdodo, ẹyọ kan fún ẹsẹ̀ ọ̀tún, èkejì fún ẹsẹ̀ òsì. Nínú ikùn àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2, bí àtàǹpàkò ọkùnrin.

Ẹni tó bá ti dúró lọ́dọ̀ fọkanáísà rí yóò tètè lóye bí ó ṣe ń wú. Tí tíúbù táyà bá ti gbó lójú kan, tí wọ́n sì ń fa atẹ́gùn sí i, ojú ibẹ̀ ni yóò yọ síta. Bí ó ṣe ń yọ ni rọ́bà ibẹ̀ ń fẹ́lẹ́. Bí ó ṣe ń fẹ́lẹ́ ni atẹ́gùn tún ń rí i tì sí i, títí yóò fi bẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òpó ẹ̀jẹ̀. Ògiri rẹ̀ lè máa gbó lójú kan fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ẹni tó gbé e sínú kò sì ní mọ nǹkan kan. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìsàlẹ̀ ibi tí àwọn iṣan tó lọ sí kíndìnrín ti yà ló ti ń wú. Bí fífẹ̀ rẹ̀ bá ti tó sẹ̀ǹtímítà 3, ó ti di ohun tí àwọn dókítà ń pè ní aneurysm. Bí ó bá tó 5.5 lára ọkùnrin, ewu bíbẹ́ ti tó ohun tí a ń torí rẹ̀ jíròrò iṣẹ́ abẹ. Ti obìnrin a máa bẹ́ nígbà tí kò tíì fẹ̀ tó ti ọkùnrin, nítorí náà ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ kì í jẹ́ kó kọjá 5 lára wọn.

Ta ló máa ń ṣe? Ọkùnrin ló ń ṣe ju obìnrin lọ. Ẹni tó ti lé ní 60 ọdún, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹni tí òbí rẹ̀ tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ ti ní irú rẹ̀, gbogbo wọn wà nínú ewu. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó tó sìgá mímu, oró sìgá sì máa ń pẹ́ nínú ara lẹ́yìn tí ènìyàn ti jáwọ́. Charles de Gaulle, tó ti jẹ ààrẹ ilẹ̀ Faransé, ti fi sìgá sílẹ̀ fún ohun tó lé ní 20 ọdún. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá ọdún 1970, ó jókòó sínú ilé rẹ̀ ní abúlé Colombey, ó fẹ́ ta káàdì. Lójijì ló kígbe pé ẹ̀yìn ń dun òun, ó sì ṣubú lulẹ̀. Kò pẹ́ rárá tó fi kú. Ó ku ọjọ́ 13 kí ó pé ọmọ 80 ọdún. Òpó yìí kan náà ló bẹ́. Nítorí náà, bí bàbá kan bá sọ pé òun kì í mu sìgá, ẹ tún bi í bóyá ó ti mu ún rí.

Òótọ́ ni pé àwọn aláwọ̀ funfun ló ń mú jù. Èyí kò wá sọ pé kì í mú aláwọ̀ dúdú. Ní gúúsù Áfíríkà, àwọn dókítà ti rí i lára àwọn tí kò tíì dàgbà púpọ̀, tí kòkòrò HIV tàbí àrùn mìíràn ló ba ògiri iṣan wọn jẹ́. Dókítà tó bá ti sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé àìsàn òyìnbó nìyẹn ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ bo ojú ara rẹ̀.

Àkísà lójú ihò

Ibi tí òpó náà ti bẹ́ ló ń sọ iye àkókò tó wà lọ́wọ́. Bí ó bá bẹ́ síwájú, sínú àyè tí ìfun wà, kò sí ohun tí yóò dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró. Onítọ̀hún lè kú kí ẹnikẹ́ni tó rí mọ́tò. Bí ó bá bẹ́ sẹ́yìn, pàápàá lápá òsì, àárín ọ̀rá àti ẹran tó wà lẹ́bàá eegun ẹ̀yìn ni ẹ̀jẹ̀ yóò dà sí. Àyè ibẹ̀ há. Ẹ̀jẹ̀ náà a dì, a sì dí ojú ihò náà fúngbà díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn fi àkísà dí ihò ìkòkò. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tó ti wálẹ̀ nítorí èyí tó dànù kò sì ní lè tètè ti àkísà náà kúrò.

Ohun tó fà á nìyí tí aláìsàn fi lè dákú nílé, kí ó jí, kí ó mu omi, kí ó bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ìfúnpá rẹ̀ sì dára nígbà tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n. Wọn yóò ní ara rẹ̀ ti ń balẹ̀. Ara rẹ̀ kò balẹ̀. Àkísà ló ṣì wà lójú ihò. Ó lè wà níbẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, ó sì lè ṣí nígbà tí wọ́n ń jíròrò bóyá kí wọ́n dá a padà sílé. Gbogbo ohun tí a bá fẹ́ ṣe láti gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ là, inú àkókò yìí la ti ní láti ṣe é.

Ojú tí ó ń yá lò

Àmì mẹ́ta ni wọ́n ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn: ìrora òjijì nínú ikùn tàbí ẹ̀yìn, ìfúnpá tó wálẹ̀ gidigidi, àti kókó tó ń lù kì-kì-kì nínú ikùn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dára láti mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró dè wọ́n yóò pẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn aláìsàn yìí kì í mú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá pọ̀. Òmíràn á mú ìrora nìkan wá. Òmíràn á dákú lásán, kò ní sọ pé ibì kan ń dun òun.

Òkúta inú kíndìnrín ni àìsàn tí wọ́n máa ń ṣì í pè jù. Ẹ̀jẹ̀ tó dà sẹ́yìn ikùn lápá òsì máa ń rin àwọn iṣan ìmọ̀lára tó lọ sí itan àti kórópọ̀n, nítorí náà ìrora náà a bẹ̀rẹ̀ láti ìhà, a sì wọ́ lọ sí ìsàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti òkúta kíndìnrín. Wọ́n tilẹ̀ lè rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ nínú ìtọ̀, torí pé òpó tó wú náà fara kan ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà. Báyìí ni èépá ẹ̀pà ṣe ń jọ pósí ẹ̀lírí. Ẹni tó ti lé ní 60 ọdún, tí òkúta kíndìnrín kò ṣe rí, tí wọ́n wá sọ lóru ọjọ́ kan pé òkúta ló ń ṣe é, ẹ wo òpó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó fún un ní oògùn ìrora pé kó máa lọ sílé.

Nílé tiwa, kí ẹnikẹ́ni tó ronú ilé ìwòsàn, orúkọ ti wà nílẹ̀ fún ẹ̀yìn ríro àgbàlagbà. Wọ́n á ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, wọ́n á ní làkúrègbé ni, tàbí kí wọ́n rántí igbá iṣu tí bàbá gbé lánàá. Ẹnì kan á lọ sí ọ̀dọ̀ alágbo, ẹnì kan á fi ìpara gbígbóná pa á lẹ́yìn. Mi ò bá ẹnikẹ́ni wí. Ẹ̀yìn ríro tó jẹ́ ẹ̀yìn ríro lásán ló pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn: jẹ̀díjẹ̀dí kì í mú ènìyàn dákú lójijì, làkúrègbé kì í sì í mú kí òógùn tútù bo ènìyàn. Bí ẹ̀yìn ríro bá bá dídákú rìn, orúkọ rẹ̀ ti yàtọ̀.

Ó tún lè múra bí ọgbẹ́ inú, bí àrùn ìfun, tàbí bí àìsàn ọkàn. Ẹ̀jẹ̀ tó dànù máa ń jẹ́ kí oúnjẹ ọkàn dínkù, ẹ̀rọ tó ń ṣàyẹ̀wò ìlù ọkàn yóò sì fi ìyípadà hàn. Bí wọ́n bá torí èyí fún un ní oògùn tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn dáadáa, oògùn yẹn gan-an ni yóò tú àkísà kúrò lójú ihò. Bákan náà, ẹni tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ òpó yìí fún rí, tó wá ń bì ẹ̀jẹ̀ tàbí tó ń yà á, kì í ṣe ẹni tí a ń fi ọgbẹ́ inú dá lẹ́jọ́. Òpó náà lè ti lu sínú ìfun.

Ìbéèrè àti ọwọ́

Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo bàbá ọmọ ọdún 71 kan tí ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé wá sí ẹ̀ka pàjáwìrì lóru. Bàbá dùbúlẹ̀, ó di ìhà òsì mú.

“Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́ o,” ni nọ́ọ̀sì wí. “Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?”

“Mo kàn dìde kí n lọ tọ̀ ni, ó sì mú mi gìrì.”

“Bọ̀ọ̀dá mi ò sí nílé,” ni ọmọ wọn fi kún un, “èmi ni mo gbọ́ tí wọ́n ṣubú. Wọ́n dákú, nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi jí.”

“Ẹ máa ń mu sìgá, sà?”

“Mo ti fi í sílẹ̀ tipẹ́tipẹ́.”

Ìdáhùn mẹ́ta nìyẹn, kò sì tó ìṣẹ́jú méjì. Ìrora òjijì, dídákú àti sìgá ìgbà kan; ẹ fi ọjọ́ orí tó ti kọjá 60 kún un. Ìlànà tí àjọ NICE gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2020 kò béèrè ju irú èyí lọ kí a tó fura: ìrora tuntun nínú ikùn tàbí ẹ̀yìn, tàbí kí ara dẹnu kọlẹ̀ lójijì, tàbí kí ènìyàn dákú. Ìfura náà tún lágbára sí i bí onítọ̀hún bá ti lé ní 60, bí ó bá ń mu sìgá tàbí tó ti mu ún rí, bí ó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí bí wọ́n bá ti sọ fún un rí pé òpó rẹ̀ wú. Ìbéèrè ni kì í jẹ́ kí ẹni ó ṣìnà, ìbéèrè wọ̀nyí kò sì ná ẹnikẹ́ni lówó.

Ojú ló kàn. Lára aláwọ̀ dúdú, a kì í wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ká tó mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ti dínkù. Inú ìpéǹpéjú, ahọ́n àti àtẹ́lẹwọ́ la ń wò bóyá wọ́n ti funfun. Àwọ̀ ara tó dúdú bí ẹni tó fara gbá nǹkan ní ìhà tàbí yí ìdodo ká lè yọ, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ kó tó yọ. A kì í dúró dè é.

Lẹ́yìn náà ni ọwọ́. Kí bàbá dùbúlẹ̀ gbalaja, kí ó ká orúnkún kí ikùn lè rọ̀. Kí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò gbé ọwọ́ méjèèjì lé òkè ìdodo, ọ̀kan lápá ọ̀tún, èkejì lápá òsì, kí ó rọra tẹ̀ ẹ́. Bí ohun tó wà níbẹ̀ bá ń lù tí ó sì ń ti ọwọ́ méjèèjì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, òpó tó wú ni. Ẹ̀rù máa ń ba àwọn ẹlòmíràn pé títẹ̀ yóò bẹ́ ẹ. Fífọwọ́ rọra tẹ ikùn kì í ṣe ohun tó ń bẹ́ ẹ. Ewu tó wà níbẹ̀ ni kí ọwọ́ má rí nǹkan kí ọkàn sì balẹ̀. Ikùn ẹni tó sanra lè bo kókó náà mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìfúnpá tó ti wálẹ̀ kì í jẹ́ kó lù ketekete. Ọwọ́ tó rí i sọ òtítọ́. Ọwọ́ tí kò rí i kò tíì sọ nǹkan kan.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo oyún

Ohun tó ń parí iyèméjì yìí kò jìnnà sí wa. Ẹ̀rọ síkáànì tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú aboyún náà ni. Wọ́n á fi jẹ́lì pa ikùn bàbá, wọ́n á gbé orí ẹ̀rọ náà sí abẹ́ igi àyà, wọ́n á sì máa wọ́ ọ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí dé ìdodo. Lójú ẹ̀rọ, eegun ẹ̀yìn yóò hàn bí ọrun funfun tó ní òjìji lẹ́yìn. Níwájú eegun yìí gan-an ni òpó náà wà, róbótó àti dúdú, ó ń lù. Iṣan àbọ̀ ńlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lápá ọ̀tún aláìsàn. Ògiri tirẹ̀ fẹ́lẹ́, ó sì máa ń pẹlẹbẹ bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń wò ó gbọ́dọ̀ dá méjèèjì mọ̀ yàtọ̀. Láti ẹ̀yìn ògiri kan dé ẹ̀yìn ògiri kejì ni wọ́n ń wọ̀n, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ dídì máa ń bo inú òpó tó wú, tí ẹni tó bá wọn ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn nìkan yóò fi kà á sí kékeré. Bí atẹ́gùn inú ìfun bá bo ojú, kí wọ́n rọra tẹ̀ ẹ́, tàbí kí wọ́n wò ó láti ìhà.

Ìṣẹ́jú mélòó kan ni gbogbo rẹ̀, bàbá kò sì ní kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò, kò wọ́pọ̀ kí ẹ̀rọ yìí pàdánù òpó tó wú. Bí wọ́n bá rí òpó náà látòkè délẹ̀, tí kò sì wú, wọ́n lè wá ìdí ìrora náà síbòmíràn.

Àmọ́ ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ó ń fi wíwú hàn; kì í sábà fi bíbẹ́ hàn, torí pé ẹ̀jẹ̀ tó dà sẹ́yìn ikùn sá pamọ́ fún un. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé òun rí wíwú lóòótọ́ ṣùgbọ́n òun kò rí ẹ̀jẹ̀, pé kò tíì bẹ́ nìyẹn, ti ṣi ẹ̀rọ náà lóye. Òfin ibẹ̀ ni pé bí àgbàlagbà bá ń jẹ̀rora tàbí tó dákú, tí síkáànì sì fi òpó tó wú hàn, ó ti bẹ́ nìyẹn títí ẹ̀rí mìíràn yóò fi wá. Ìgbà yìí gan-an ni ó yẹ kí wọ́n pe oníṣẹ́ abẹ iṣan ẹ̀jẹ̀.

Síkáànì CT ló ń fi bíbẹ́ náà hàn kedere. Wọ́n á fún un ní oògùn tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tàn lójú àwòrán, wọ́n á sì rí ibi tí ògiri ti là, iye ẹ̀jẹ̀ tó ti dà, àti bí iṣan kíndìnrín ṣe jìnnà sí ibẹ̀ tó. Àwòrán yìí ni oníṣẹ́ abẹ fi ń yan ọ̀nà tí yóò gbà tún un ṣe. Bí bàbá bá ṣì ń sọ̀rọ̀, àkókò wà láti ṣe é, kódà kí ìfúnpá rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá ti fẹ́ dákẹ́, yàrá iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ń gbé e lọ tààrà. Bí CT bá sì fi hàn pé òpó náà wú ṣùgbọ́n kò tíì bẹ́, tí ìrora sì wà níbẹ̀, wọn kò ní dá a padà sílé. Òpó tó wú tó sì ń dun ènìyàn ń kìlọ̀ ni.

Ẹ má dúró de èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. PCV àkọ́kọ́, àyẹ̀wò tó ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ki tó, lè dára, kó sì tan gbogbo ènìyàn jẹ. Bí a bá bu ẹmu kúrò nínú akèrègbè, èyí tó kù kì í di omi. Ìgbà tí a bá bu omi lù ú ló ń ṣàn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ tó kù nínú ara ṣe máa ń ki bákan náà ní wákàtí àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ ti dà sẹ́yìn ikùn. Àyẹ̀wò tó ṣe pàtàkì lásìkò yìí ni èyí tó ń sọ irú ẹ̀jẹ̀ tó bá ti aláìsàn mu, kí wọ́n lè tètè pèsè rẹ̀ sílẹ̀.

Ohun tí a kì í ṣe

Ẹni tó bá rí ìfúnpá tó wálẹ̀, omi dírípù ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń yára lọ bá. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, kó ṣe sùúrù. Bí a bá rọ omi púpọ̀ sí aláìsàn lára kí ìfúnpá lè gòkè dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀, agbára ìfúnpá yẹn ni yóò ti àkísà kúrò lójú ihò, omi náà yóò sì tún la ẹ̀jẹ̀ tí kò fi ní lè dì mọ́. Bí bàbá bá ṣì mọ orúkọ ara rẹ̀, tó sì ń dáhùn, ìfúnpá òkè tó wà láàárín 70 sí 90 tó fún un títí oníṣẹ́ abẹ yóò fi dì í. Bí ó bá nílò nǹkan, ẹ̀jẹ̀ ló sàn ju omi lọ. Kí wọ́n sì fún un ní oògùn ìrora; ìrora funra rẹ̀ ń gbé ìfúnpá sókè. Bí ilé ìwòsàn náà kò bá ní ẹni tó lè ṣe iṣẹ́ abẹ yìí, tẹlifóònù àti ọkọ̀ ló kàn, kì í ṣe àyẹ̀wò mìíràn.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà tún un ṣe. Ní oṣù kẹta ọdún 1951, Charles Dubost gé òpó tó wú kúrò ní Paris, ó sì fi òmíràn rọ́pò. Lẹ́yìn náà ni lílà ikùn kí a fi ọ̀pá aṣọ tí a hun rọ́pò ibi tó bàjẹ́ wá di iṣẹ́ tí a ń kọ́ni. Ní ọdún 1990, Juan Parodi fi ọ̀nà mìíràn hàn ní Buenos Aires: ó gba inú iṣan ìsàlẹ̀ ikùn níbi itan, ó ti ọ̀pá aṣọ tó ní okùn irin lára gòkè wọ inú òpó náà, ó sì ṣí i síbẹ̀ láìla ikùn. Nínú ìwádìí IMPROVE, tí púpọ̀ jù nínú rẹ̀ wáyé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú aláìsàn 613, nǹkan bí 35 sí 37 nínú 100 ló kú láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, ọ̀nà yòówù tí wọ́n ìbáà kọ́kọ́ yàn. Iye yẹn pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ kà á láti apá kejì: ó lé ní 60 nínú 100 tó rí ọjọ́ ọgbọ̀n. Gbogbo wọn jẹ́ ẹni tí ẹnì kan fura sí lásìkò.

Kí ó tó bẹ́

Ẹ̀rọ tó ń rí òpó tó bẹ́ náà ló ń rí i nígbà tí kò tíì bẹ́, nígbà tí ìtọ́jú rẹ̀ rọrùn jù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 2009 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà pe àwọn ọkùnrin fún síkáànì ọ̀fẹ́ ní ọdún tí wọ́n bá pé 65. Bí òpó kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 3, ó tán, wọn kì í pe ẹni náà mọ́. Bí ó bá wà láàárín 3 sí 4.4, ọdọọdún ni wọn yóò máa wò ó. Bí ó bá wà láàárín 4.5 sí 5.4, oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Bí ó bá tó 5.5, ó di ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọkùnrin ọmọ ọdún 65 sí 75 tó ti mu sìgá rí ni wọ́n ń gbà nímọ̀ràn kí wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin bàbá wa tó wà ní Peckham, Woolwich àti Manchester, ẹ má fi lẹ́tà yẹn sábẹ́ àwọn ìwé owó iná. Bí ẹ bá ti kọjá 65 tí ẹ kò sì ṣe é, ẹ lè pè wọ́n fúnra yín. Wọn kò ní gún yín ní abẹ́rẹ́ kankan.

Nílé níbí, lẹ́tà kankan kò ní wá. Ṣùgbọ́n síkáànì wà ní ọ̀pọ̀ ìlú, ẹni tó ti mu sìgá fún ọ̀pọ̀ ọdún tàbí tí irú àìsàn yìí ti pa ará ilé rẹ̀ lè sọ fún dókítà pé kí ó bá òun wo òpó inú ikùn òun. Kí ẹni tó ń mu sìgá sì jáwọ́, kí ẹlẹ́jẹ̀ ríru máa lo oògùn rẹ̀ déédéé.

Ẹ̀yin ọmọ tó sì máa gbé bàbá tàbí ìyá yín dé ilé ìwòsàn lóru ọjọ́ kan, ẹ̀rù yóò bà yín, ẹ ó máa sunkún. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹni àkọ́kọ́ tó bá dá yín lóhùn, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó bọ́ lẹ́nu yín: “Wọ́n ti lé ní 60. Ìrora náà dé lójijì, wọ́n sì dákú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo òpó ẹ̀jẹ̀ inú ikùn wọn.”